FÓÒTÌ TÓ Ń JÒ LỌ

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ló ní kí n kọ ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ náà sílẹ̀ fún ìwé ìròyìn wa, torí pé ìrẹsì dé nígbà tí mo ṣì wà láàárín ọ̀rọ̀, àwọn kan sì ti ń wo ẹ̀yìn. N ò bínú. Ebi ò mọ alága. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á nísinsìnyí ti jẹun, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán fún yín.

Ẹ ó rántí ohun èlò kékeré kan tó máa ń wà lórí pẹpẹ ní yàrá físíìsì wa, àpótí onídígí tí wọ́n ń pè ní electroscope, tí ewé wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wà nínú rẹ̀. Ọ̀gá wa á fi aṣọ nu ọ̀pá dúdú kan títí, á fi kan orí rẹ̀, ewé wúrà náà á sì gbéra, á nà jáde bí apá ẹyẹ. Lásìkò ọyẹ́, ewé yẹn lè dúró bẹ́ẹ̀ títí agogo á fi lù. Ṣùgbọ́n tó bá di oṣù keje, tí òjò ń rọ̀, ọ̀gá wa á nu ọ̀pá títí òógùn á fi bò ó, ewé náà á gbéra díẹ̀, á tún rọra wálẹ̀ lójú wa. Ẹ̀rín là máa ń rín. Ọ̀gá wa ní ká kọ ọ́ sínú ìwé pé ọ̀rinrin máa ń lẹ̀ mọ́ ara ohun tó gbé ewé náà dúró, iná á sì gba ibẹ̀ jò lọ. Mo kọ ọ́. Mo tilẹ̀ gba máàkì lórí rẹ̀. Nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn náà, ohun tí mo kọ yẹn gan-an ló wá dójú tì mí, ó sì kó ẹlòmíràn sí ìyọnu tí kì í ṣe tirẹ̀.

Iṣẹ́ mi, bí ọ̀pọ̀ nínú yín ti mọ̀, ni ṣíṣe ẹ̀rọ tí a fi ń wọn nǹkan. Ní ọdún 1993, Àlhájà kan tó ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń pa ọmọ adìẹ gbé iṣẹ́ fún mi. Ó ní ẹ̀rọ ìsàba mẹ́jọ. Ó fẹ́ kí òun lè máa rí bí ooru inú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ṣe rí lójú kan, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń ṣí ilẹ̀kùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń sin adìẹ mọ̀ pé ẹyin ò gba eré: ọjọ́ 21 ni, ooru rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà ní nǹkan bí 37.5°C. Tó bá gun dé 39 tó sì dúró síbẹ̀, ọmọ inú ẹyin á máa kú.

Ohun tí mo ṣe nìyí. Mo fi ẹ̀rọ LM35 kọ̀ọ̀kan sínú ẹ̀rọ ìsàba kọ̀ọ̀kan. LM35 máa ń fún èèyàn ní mílífóòtì 10 fún digirí kọ̀ọ̀kan. Mo sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́wàá, tó fi jẹ́ pé 37.5°C di fóòtì 3.75. Mo wá fẹ́ kí a mú ooru mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ní ìṣẹ́jú kan náà, kí a sì máa fi wọ́n hàn lójú pátákó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú-àáyá kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà mo lo sample-and-hold mẹ́jọ. (Bí ẹ bá bi mí pé kí ni ooru inú àpótí, tí kì í yára yí padà, fẹ́ fi sample-and-hold ṣe, n ò ní èsì. Ọmọdé ni mo jẹ́, mo sì fẹ́ kí àwọn èèyàn mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n ṣe.)

Èmi máa ń pe ẹ̀rọ yìí ní bù-ú-dì-í-mú. Inú rẹ̀ ò ju nǹkan mẹ́ta lọ. Swíìṣì kan wà tó ń ṣí ọ̀nà fún fóòtì láti wọlé. Kapásítọ̀ kan wà tí fóòtì náà ń wọnú rẹ̀ bí omi ṣe ń wọnú korobá. Ẹ̀kẹta ni buffer, tó ń wo bí omi inú korobá ṣe ga tó, tó sì ń sọ ọ́ fún ará ìta láìmu nínú rẹ̀. Tí swíìṣì bá ti pa, omi ò wọlé mọ́, omi ò jáde mọ́, ohun tó wà nínú korobá yẹ kó dúró bó ṣe wà títí a ó fi kà á tán.

Ó yẹ kó dúró. Ṣùgbọ́n kò sí korobá tí kì í jò. Swíìṣì tó pa ṣì ń jò díẹ̀, buffer tó ní òun kì í mu ń tọ́ ọ wò, kapásítọ̀ fúnra rẹ̀ ní ihò tirẹ̀, bọ́ọ̀dù tí a to gbogbo wọn lé náà ń jò. Ìṣirò rẹ̀ ò le: ẹ fi títóbi kapásítọ̀ pín iná tó ń jò, ẹ ó rí iye fóòtì tó ń lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tí nanoamp kan bá ń jò kúrò nínú nanofarad kan, fóòtì kan ń lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nanoamp kan, ẹ jọ̀ọ́, ìdá kan nínú bílíọ̀nù áàmpù ni. Gílóòbù wáàtì 60 tó wà ní pálọ̀ yín ń mu ju ìdá mẹ́rin áàmpù lọ. Ohun tí à ń lé kiri kéré débi pé ìka ọwọ́ tó lóògùn tó láti gbé e kọjá.

IC tí mo lò ni LF398. Ìwé tó bá a wá sọ pé ohun tó ń jò nínú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí picoamp 30, nígbà tí ara rẹ̀ bá wà ní 25°C. Kapásítọ̀ mi jẹ́ nanofarad 100. Ìyẹn ni pé kò yẹ kó pàdánù tó ìdajì mílífóòtì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ̀rọ kẹjọ, tó máa dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́jọ kó tó kan án, kò yẹ kó pàdánù mílífóòtì mẹ́ta. Lójú pátákó, ẹnikẹ́ni ò lè rí i. Mo dán an wò lórí tábìlì mi ní oṣù kìíní, inú ọyẹ́, ètè gbogbo wa ń bẹ́. Ó dúró gbọn-in. Mo gbé e lọ fún Àlhájà, mo gba owó mi, mo sì jẹ ẹran tí wọ́n sè fún mi.

Nígbà tó di oṣù kẹfà, Àlhájà ránṣẹ́ pè mí. Ẹyin inú ẹ̀rọ kẹjọ ò pa, èyí tó pa nínú ẹ̀rọ keje kéré. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń tọ́jú àwọn ẹ̀rọ náà, kò tíì lè pé ọmọ ọdún 20 nígbà náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wo pátákó, tí ooru bá lọ sílẹ̀ kó yí i sókè, tó bá gòkè kó yí i sílẹ̀. Àlhájà ní ọmọ náà ń sùn lẹ́nu iṣẹ́. Ó ti yọ nínú owó oṣù rẹ̀ fún ẹyin tó bàjẹ́.

Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mi ò sùn o. Pátákó yẹn ló ń parọ́. Mo ti fi tẹmómítà wò ó."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo sọ fún un, kó má baà dà bí ẹni pé mo fi bò. Mo ní tẹmómítà tí wọ́n rà lọ́jà kò lè bá ẹ̀rọ mi du òótọ́. Mo ní kó lọ máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Mo sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tèmi lódìkejì. Mo gbé oscilloscope kalẹ̀, mo fi ẹnu abẹ́rẹ́ rẹ̀ kan kapásítọ̀ ẹ̀rọ kẹjọ gangan, mo sì rí i pé fóòtì náà ń já wálẹ̀ wọ̀ọ̀ lójú mi. Mo ní, "Ahà! IC ti bàjẹ́." Mo pààrọ̀ rẹ̀. Ó tún já wálẹ̀. Mo pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ yìí ti ń rẹ́rìn-ín. Abẹ́rẹ́ oscilloscope yẹn fúnra rẹ̀ jẹ́ megohm 10. Ẹ fi megohm 10 sára nanofarad 100, ohun tó ju ìdajì fóòtì yẹn lọ ti lọ kí ìṣẹ́jú-àáyá kan tó pé. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi lu korobá, tí mo wá ń bú amọ̀kòkò. Ẹnu buffer ni èèyàn ti ń wo ohun tó wà nínú kapásítọ̀, a kì í fọwọ́ kan kapásítọ̀ fúnra rẹ̀. Èyí tó tún burú ni pé gbogbo ìgbà tí mo bá pààrọ̀ IC, ni mo tún ń fi péèsìtì àti lẹ́ẹ̀dì kún ohun tó wà lára bọ́ọ̀dù. Ẹ fi ọ̀rọ̀ péèsìtì yẹn sọ́kàn.

Ìwé ọmọbìnrin yẹn ló là mí lójú. Ó gbé e lé orí àpótí mi láìsọ̀rọ̀, ìwé olójú ewé 40 tí wọ́n ń lò ní pámárì. Fún ọjọ́ 11, láàárọ̀ àti lálẹ́, ó ti kọ ohun tí pátákó sọ àti ohun tí tẹmómítà sọ, fún ẹ̀rọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Tẹmómítà kan náà ló ń gbé kiri. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ní ẹ̀rọ kìíní jẹ́ 0.2. Ní ẹ̀kejì, 0.4. Ní ẹ̀kẹta, 0.6. Ó ń gun bí àkàsọ̀ títí ó fi dé 1.5 ní ẹ̀kẹjọ.

Mo jókòó sórí kírétì ẹyin. Tó bá jẹ́ pé tẹmómítà ló ń parọ́, irọ́ kan náà ni ì bá máa pa níbi gbogbo. Tó bá sì jẹ́ pé ọmọ yìí ń fi orí ara rẹ̀ kọ ọ́, kò lè mọ̀ pé ó yẹ kí irọ́ náà máa pọ̀ sí i bí ó ṣe ń pẹ́ sí i kó tó kan ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ẹ̀rọ kẹjọ ń dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́jọ. Èmi nìkan ni mo mọ̀.

Mo yí wáyà padà, kí ẹ̀rọ kẹjọ máa jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí à ń kà, kí ẹ̀kìíní sì kẹ́yìn. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni ẹ̀kẹjọ sún mọ́ òótọ́, tí ẹ̀kìíní sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi digirí kan àtààbọ̀ parọ́. Ipò tó wà lórí ìlà ni àìsàn náà ń bá rìn. Mo wá fara balẹ̀ wo pátákó, mo rí ohun tí mo ti ń rí tẹ́lẹ̀ tí n ò kà sí: láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan tí ẹ̀rọ kan fi ń wà lójú pátákó, nọ́ńbà ìkẹyìn máa ń sọ̀ kalẹ̀ ní ẹyọ kan tàbí méjì. Mo ti rò pé ó kàn ń mì ni.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹyin. Pátákó ní 36, ọmọ náà yí i sókè títí pátákó fi sọ 37.5, ooru tòótọ́ sì di 39. Ọmọ tó ṣe ohun tí a ní kó ṣe ni a wá yọ owó rẹ̀.

Ó kù ká mọ ibi tó ń gbà jò. Ibí ni mo ti fẹ́ kí ẹ̀yin àbúrò tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí dúró díẹ̀, torí ojú kan náà ni fóòtì tó ń sún ní, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ pọ̀, ìwà wọn sì yàtọ̀ síra. Tí fóòtì bá fò lẹ́ẹ̀kan náà ní kété tí swíìṣì pa, tó wá dúró, kò jò rárá. Swíìṣì ló ta díẹ̀ sínú kapásítọ̀ bó ṣe ń pa. Ìyẹn tún yàtọ̀. Tó bá ń rìn lọ ní ìwọ̀n kan náà, ẹ dì oríṣiríṣi fóòtì mú kí ẹ wo ibi tó ń lọ. Mo dì 5 mú, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Mo dì -5 mú, ó ń gòkè. Mo dì òdo mú, kò lọ síbì kan. Ìyẹn ni pé ọ̀dọ̀ òdo ni gbogbo wọn ń sá lọ, bí wọ́n bá sì ṣe jìnnà sí i tó ni wọ́n ń sáré tó. Ọ̀nà kan ń bẹ láàárín kapásítọ̀ àti ilẹ̀. Tó bá jẹ́ buffer ló ń mu ún, ì bá máa lọ sí apá kan náà ní ìwọ̀n kan náà, ohun yòówù kí a dì mú. Tó bá sì jẹ́ ẹsẹ̀ tí iná fóòtì 15 ń gbà wọlé ló ń jò sí i, apá ọ̀dọ̀ 15 ni ì bá máa lọ.

Ẹyọ kan wà tó máa ń tan àwọn tó mọ̀wé gan-an, kapásítọ̀ tó ń rántí. Ẹ da epo pupa kúrò nínú ìgò títí ẹ ó fi rò pé ó tán, ẹ gbé e kalẹ̀, ẹ padà wá lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan. Epo díẹ̀ á ti tún kóra jọ sí ìsàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kapásítọ̀ ṣe ń rọra padà sọ́dọ̀ fóòtì tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, a máa sáré níbẹ̀rẹ̀, a sì máa rẹ̀ lọ. Bob Pease, ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà tó ṣiṣẹ́ ní National Semiconductor, tó kú ní 2011, kọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí èyí, ẹ wá a kà. Mylar ń ṣe é. Séràmíìkì olówó pọ́ọ́kú ń ṣe é jù bẹ́ẹ̀ lọ. Polypropylene, polystyrene àti Teflon kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí àyọ́nù lẹ́ẹ̀dì pẹ́ lára polystyrene o, yíyọ́ ló máa yọ́. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá òun ni, ẹ fi kapásítọ̀ irú kan náà tó tóbi ní ìlọ́po méjì rọ́pò rẹ̀. Jíjò á dín kù sí ìdajì. Ìrántí kò ní dín kù. Tèmi dín kù sí ìdajì.

Mo wá fi ẹ̀rọ ìgbẹrun gbóná IC nìkan. Ohun tó bá ń jò nínú IC fúnra rẹ̀ máa ń di ìlọ́po méjì ní nǹkan bí digirí mẹ́wàá mẹ́wàá, nítorí náà tó bá jẹ́ òun ni, ó yẹ kó fò sókè. Kò fò. Kódà ó dín kù! Afẹ́fẹ́ gbígbóná ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ bọ́ọ̀dù. Mo wá ṣe ohun tí n kò bá ti ṣe lọ́jọ́ kìíní. Mo tẹ̀ síwájú, mo la ẹnu, mo hà sí ìsàlẹ̀ bọ́ọ̀dù bí ẹni tó ń nu gíláàsì ojú. Fóòtì náà já wálẹ̀ bí ewé wúrà nínú oṣù keje.

Ẹ gbọ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ohùn ọ̀gá wa.

Péèsìtì tí mo fi jó lẹ́ẹ̀dì, irú tí àwọn tó ń ṣe táǹkì omi ń lò ni, torí ó pọ̀ ó sì dínwó. Ó ní iyọ̀ nínú, iyọ̀ sì máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Nínú ọyẹ́, kò sómi tó máa fà. Nínú òjò, nínú yàrá tí wọ́n ń fi omi sí afẹ́fẹ́ fún ẹyin, ó mu yó. Lára LF398, ẹsẹ̀ 6 ni kapásítọ̀ wà, ẹsẹ̀ 7 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni mo so mọ́ ilẹ̀, àárín méjèèjì kò ju ìwọ̀n-ọmọ-ìka kékeré kan lọ, péèsìtì sì kún ibẹ̀. Mo ṣírò rẹ̀: mílífóòtì 19 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan lára nanofarad 100, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó nanoamp méjì. Ọ̀nà tó ń gbà jò jẹ́ nǹkan bí gigohm méjì. Tẹ́sítà tó wà lọ́wọ́ mi nígbà náà máa sọ fún yín pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Mo fi isopropyl àti búrọ́ọ̀ṣì eyín fọ bọ́ọ̀dù mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, mo fi omi distilled ṣàn wọ́n, mo gbẹ wọ́n dáadáa, n ò sì tún fọwọ́ lásán kan ìsàlẹ̀ wọn mọ́. Mo bọ́ Mylar, mo fi polypropylene sí i. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé mo ya òrùka kan yí ẹsẹ̀ 6 àti orí kapásítọ̀ ká, lójú bọ́ọ̀dù àti lẹ́yìn rẹ̀, mo sì so òrùka náà mọ́ ẹnu buffer, ẹsẹ̀ 5. Ẹnu buffer máa ń wà ní fóòtì kan náà pẹ̀lú kapásítọ̀. Nígbà tí àwọn aládùúgbò méjì bá wà ní ipò kan náà, kò sí ohun tó máa sàn láàárín wọn, bó ti wù kí ilẹ̀ àárín wọn tutù tó. Ohun tó bá fẹ́ jò wá láti ilẹ̀, òrùka ló máa bá pàdé. Lẹ́yìn èyí, ìyàtọ̀ ẹ̀rọ kẹjọ kò tó 0.1 mọ́, òjò ń rọ̀ lójú mi bí mo ṣe ń kà á.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní á ní kí ló kàn yín, tí gbogbo rẹ̀ ti wà nínú IC kan báyìí. Ó kàn yín. Inú ATmega328 tó wà lára Arduino Uno tí ẹ ń tò kiri, bù-ú-dì-í-mú kan ń bẹ níbẹ̀, kapásítọ̀ rẹ̀ kò ju picofarad 14 lọ. Àwọn tó ṣe é ní kí ohun tí ẹ bá so mọ́ ọn má ju kilohm 10 lọ. Tí ẹ bá fi megohm kan síwájú rẹ̀, tí nọ́ńbà ọ̀nà kìíní bá ń yọjú ní ọ̀nà kejì, ẹ má bú kóòdù yín.

Mo lọ bá Àlhájà lọ́jọ́ náà gan-an. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní èmi ni mo pa ẹyin, kì í ṣe ọmọ yìí. Kò bá mi jà, ó kàn dákẹ́, ìyẹn ló dùn mí jù. Ó dá owó ọmọ náà padà, ó sì yọ owó ẹyin nínú èyí tó kù tó yẹ kó san fún mi, ó kù mí kù díẹ̀ ni. Ọmọbìnrin náà lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga nígbà tó yá, ó ka iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò. Ó kọ lẹ́tà sí mi lẹ́ẹ̀kan láti sọ fún mi. Ó ní òun ṣì ní ìwé olójú ewé 40 yẹn.

Ọ̀kan nínú àwọn bọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ náà ṣì wà lọ́wọ́ mi, n ò fọ̀ ọ́ rí. Mo ti fún yàrá físíìsì ilé-ẹ̀kọ́ wa, ó wà lórí pẹpẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ electroscope. Ẹni tó bá kọjá níbẹ̀ lè wò ó, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, etí rẹ̀ ni kí ẹ ti gbé e.